Ìyàwó Tí Kò Rí Ẹni Rán An Níṣẹ́

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọ̀rọ̀ yẹn la kọ sára ògiri ilé náà, gàdàgbà gadagba, pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, kò sì sí ẹni tó bi òkété bóyá ọmú náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi ni mo mú òwe náà wá. Èmi ni alága ìgbìmọ̀, alága sì gbọ́dọ̀ mú òwe wá.

Ní Èsìẹ́ ni ilé ọ̀hún wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí katikíìsì ń gbé kí wọ́n tó kọ́ tuntun fún un. Àwọn ọmọ ìlú wa ti fọ́n ká bí èèrà tí wọ́n da omi sí: Ìlọrin, Èkó, Àbújá, Kánádà. Àwọn òbí ló kù nílé, oníkálukú ń dá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wá pinnu pé a ó dá ilé kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn àgbà. Kéké yóò máa lọ kó wọn láràárọ̀, nọ́ọ̀sì yóò máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, wọn yóò jẹun ọ̀sán gbígbóná pa pọ̀, kéké yóò sì dá wọn padà kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Bí ó bá yọrí sí rere, àwọn ará Òkè-Onígbìn ti ní àwọn yóò wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa. Èmi Ignatius Fọlárìn, iṣẹ́ ìṣètò ilé ìwòsàn ni mo ṣe l'Ékòó títí mo fi fẹ̀yìn tì, orí mi ni gbogbo rẹ̀ sì já lé.

Nígbà ọyẹ́ ni mo wálé wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọjọ́ Sátidé ni mo fẹ́ padà. Ọyẹ́ ọdún yìí kì í ṣe kékeré. Láti Ọ̀mù-Àrán ni n kò ti rí òkè kankan mọ́. Ọ̀nà ń yọ sí wa díẹ̀díẹ̀, àfi bíi pé ẹnì kan ń rántí rẹ̀ bí a ṣe ń lọ. Àwọn ènìyàn ń jáde láti inú funfun yẹn, wọ́n ń juwọ́ sí wa, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ lọ. Mo rí àwọn kan tí mo mọ̀ dájú pé a ti sin. Mo ní oorun ló ń kùn mí.

Nígbà tí mo wọ inú ilé ìtọ́jú wa, ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Àwọn àgbà jókòó ní ìlà lórí àga rọ́bà, wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n dákẹ́, gbogbo ojú ń wo iwájú. Ìlú ère òkúta ni ìlú wa, ẹ sá mọ̀. Àwọn ère wa náà jókòó, wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo iwájú, àwọn baba wa sì máa ń sọ pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ó wá sí mi lọ́kàn pé bóyá bí ọ̀rọ̀ tiwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹnì kan gbé àga fún wọn, ó ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n má ṣe wàhálà kankan.

Ìyá Rúùtù ló jókòó ní ipò iwájú. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, bóyá òun ló dàgbà jù ní gbogbo Èsìẹ́. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo gbé dàgbà nígbà tí ìyá mi ń lọ oko. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó sì na ọwọ́ sí mi lórí, ọwọ́ náà fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Ó ti rù. Ó rù débi pé inú aṣọ rẹ̀ ni mo ti wá a rí.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Caroline," ó wí. Caroline ni ọmọbìnrin mi àgbà. "Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ṣé gan-an ni."

Mo bi Nọ́ọ̀sì Wosilat léèrè. Ọmọ Òkè-Ọdẹ ni, obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì pẹ́, kì í tan ènìyàn jẹ. Ó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Alága, ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá dára. Inú kò run wọ́n, etí wọn ń gbọ́, orí wọn pé. Wọn ò kàn jẹun ni. Bí a bá fi ṣíbí sí wọn lẹ́nu, wọn á dúpẹ́, wọn á gbé e mì bí ẹni gbé oògùn mì, ó parí. Mo ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà ò rí nǹkan kan. Bí ó bá ń lọ báyìí, wọn ò ní bá wa rí àkọ́rọ̀ òjò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn, n kò fẹ́ sin ẹni tó pọ̀n mí.

Eunice, ọmọ Ìyá Rúùtù, dé nírọ̀lẹ́ láti Ọ̀mù-Àrán níbi tó ti ń ṣe olùkọ́ tẹ́lẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ kan rìn. "Bùọ̀dá, n kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe mọ́," ó wí, omi sì ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Kò sí iṣẹ́ kan tí mo fi sílẹ̀ fún Màmá. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo gba ọbẹ̀ sísè. Kódà mo ní kí wọ́n má fọ ife tí wọ́n bá fi mu omi. Ìyà ti jẹ wọ́n tó láyé yìí, mo ní kí wọ́n sinmi."

Mo ní ó ṣe dáadáa. Gbogbo wa la gbà pé ó ṣe dáadáa.

A ṣe ìpàdé lórí Wasáàpù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún agbọ̀n tí kò ní ìdí, kó wá sí ìpàdé orí Wasáàpù. Ọlábọ̀wálé láti Kánádà ní kọ́sítáàdì ni ká máa fún Ìyá. Ẹlòmíràn ní ká ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ẹnì kan gbàdúrà títí fóònù mi fi kú. A ra kọ́sítáàdì, a ra tẹlifíṣọ̀n, a yí àga Ìyá Rúùtù padà sí èyí tó ní tìmùtìmù, a sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn, "Ìyá Ìlú." Gbogbo ẹni tó wọlé ń kúnlẹ̀ fún un. Tí ó bá fẹ́ dìde, ènìyàn mẹ́ta ló ń sáré sí i. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó sì ń pa ẹnu dé.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, gbogbo ilé tòògbé. Ọyẹ́ ti wọlé tọ̀ wá, ó jókòó láàárín wa, eruku rẹ̀ tín-ín-rín ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Mo fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Rúùtù, mo ní kí n kàn sinmi ojú.

Mo rí ara mi lẹ́yìn ẹnì kan. Aṣọ pupa ni wọ́n fi pọ̀n mí, òórùn osùn àti òrí gba imú mi kan, ayé ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀, n kò sì ní ìpàdé kankan tí mo fẹ́ lọ. Ẹni tó pọ̀n mí ń gún nǹkan nínú odó, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú ẹ̀yìn tí mo gbé etí lé, kì í ṣe láti inú odó. Gbogbo agboolé wa wà níbẹ̀, àwọn ògiri tó ti wó tún dúró, ọ̀já àwọn obìnrin ń fẹ́ lórí okùn. Inú mi dùn, irú dídùn tí n kò rí mọ́ láti ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn náà ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn.

"Akọ̀wé."

Ohùn náà dúró, ó ń retí.

"Ìbàdí-Àrán."

Ó tún dúró.

"Adúmáadán."

Mo lajú. Ohùn náà kò dákẹ́. Ìyá Rúùtù ló ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, ó ń wo ẹnu ọ̀nà níbi tí funfun ọyẹ́ dúró sí bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Bí ó bá pe orúkọ kan, yóò fi etí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì Wosilat mi orí sí mi láti ọ̀ọ́kán pé bí ó ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án nìyẹn, ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń pè. Akọ̀wé ni bàbá mi. Ìbàdí-Àrán ni àǹtí bàbá mi, tó máa ń yí ìdí bí ó bá ń rìn. Adúmáadán ni ẹ̀gbọ́n mi Olúṣẹ̀yẹ, tó kú lọ́dún ìjẹta.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Gbogbo ẹni tó bá nílé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí ń tọ̀ sára. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ dídùn fún olúkálukú wọn, kí ó máa kúnlẹ̀ kí wọn, kí ó sì máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an. Àwọn náà ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní Ìyàwó títí ayé. Ẹni tí a bí lẹ́yìn ọjọ́ náà kò tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọba. Màmá ni yóò máa pè é.

"Màmá," mo rọra wí, "ta lẹ ń pè?"

"Àwọn ọkọ mi ni. Wọn ò dáhùn. Gbogbo wọn ti rè." Kò bínú, kò sunkún, bí ẹni ń ròyìn oko ló ṣe sọ ọ́. "Adúmáadán ló kẹ́yìn. Òun ṣì máa ń dúró lójúde pè mí, 'Ìyàwó, bu omi wá.' Kò sí ẹni tó tún rán mi níṣẹ́ láti ìgbà náà. Ẹ̀ ń gbé mi jókòó, ẹ̀ ń gbé mi dìde. Ẹni tí wọn kò rán níṣẹ́ mọ́ nílé ọkọ, ṣé wọn ò ti lé e nìyẹn? Ẹni tí wọ́n ti lé, ṣé ó tún yẹ kó máa jẹ oúnjẹ wọn?"

Gbogbo ìṣètò mi, kéké, nọ́ọ̀sì, tìmùtìmù, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ dà bí èéfín lójú mi. Ọ̀wọ̀ la fi ń pa á. A ti dọ̀bálẹ̀ fún un títí ó fi rò pé ojúde la gbé òun sí.

Ó tún yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Eyínfúnjowó," ó wí.

Èmi nìyẹn. Ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín méjì ní iwájú ni mí nígbà tí wọ́n gbé Rúùtù wọ agboolé wa. Ó rí eyín náà, ó sì fún mi lórúkọ. Títí mo fi lọ sí ilé ìwé gíga ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo di ọlọ́mọ ló sọ mí di Bàbá Caroline, èmi náà sì sọ ọ́ di Màmá, nítorí ojú ń ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó wọ táì láti máa pe ìyá tó tó ìyá rẹ̀ ní ìyàwó.

Èmi ni mo kù. Nínú gbogbo ilé tó gbé obìnrin yìí níyàwó, èmi nìkan ṣoṣo ni mo kù tí mo lè rán an níṣẹ́.

Kì í ṣe ohun kékeré. Gbogbo ìlú ń kúnlẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá gbọ́ pé alága ìgbìmọ̀ ìtọ́jú àgbà ń pàṣẹ fún Ìyá Ìlú, wọn yóò ní orí mi ti dàrú. Lẹ́yìn náà mo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo rí bí egungun ṣe yọ, mo sì gbójú.

"Ìyàwó."

Gbogbo orí ló yí padà. Àwọn tó ń tòògbé jí. Ẹnu Nọ́ọ̀sì Wosilat là sílẹ̀.

Ìyá Rúùtù rọra yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ wá mi kiri, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí mi tó ti pá, ó sọ̀kalẹ̀ sí gíláàsì mi, ó dé ẹnu mi, ó dúró síbẹ̀.

"Ebi ń pa mí," mo wí. "Wá nǹkan fún mi jẹ."

Mo ti ń rò ó pé mo ti ba nǹkan jẹ́ nígbà tí mo rí i tó di apá àga rẹ̀ mú. Ó dìde fúnra rẹ̀. Eunice sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, mo na ọwọ́ dá a dúró. Ìyá Rúùtù tẹ orúnkún rẹ̀ ba díẹ̀, níwọ̀n bí orúnkún náà ti lè tẹ̀ mọ, ó kúnlẹ̀ fún mi ní ìdúró. Gbogbo ara mi ló ń yún mi pé kí n dọ̀bálẹ̀ padà. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó nira jù tí mo ṣe láyé mi ni pé mo jókòó jẹ́ẹ́, mo sì gbà á.

"Irú ebi wo nìyẹn, ọkọ mi?" ó wí. "Ẹ ò jẹun láàárọ̀ ni? Kí làwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe níbí láti àárọ̀?"

"Iṣu ni mo fẹ́," mo wí. "Sísun. Má jẹ́ kó pẹ́ o."

Ó lọ sí ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, ó ń tọ ògiri lọ. Nọ́ọ̀sì Wosilat tẹ̀ lé e, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn kó má baà ṣubú sínú iná, Ìyá Rúùtù sì ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ó ní iṣu tí wọ́n kọ́kọ́ mú wá kò dára. Ó ní ta ló ko iná báyìí. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé, ó ń bú wọn, ohùn náà sì ń ga sí i. Bàbá kan tí n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo dé bèèrè bóyá iṣu náà yóò kárí. Ìyá kan ní kí wọ́n mú ọlọ wá kí òun lọ ata, nítorí òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ata ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo jáde síta, èéfín àti ọyẹ́ ti di ọ̀kan, Ìyá Rúùtù jókòó láàárín wọn lórí àpótí, ó ń fi ọ̀bẹ ha èédú ara iṣu. Fún ìṣẹ́jú kan n kò mọ ọdún tí a wà. Mo tún ń gbọ́ òórùn òrí. Ó bu díẹ̀ nínú iṣu náà, ó fi kan epo, ó fi sẹ́nu, nítorí ẹni tó bá se oúnjẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún ọkọ. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́. Ó gbé e mì. Ó ní iyọ̀ kò tó nínú epo náà, ó fi kún un, ó tún tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá a lójú. Eunice kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì, gbogbo wa sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ó gbé àwo fún mi. Mo ní n kò ní í dá a jẹ, ìyàwó mi gbọ́dọ̀ jókòó tì mí. Ó jókòó. A jọ ń jẹ iṣu sísun nínú àwo kan, eruku funfun ń bọ́ sínú epo, a kò sì kà á sí. Nígbà tó pẹ́, ó tún tẹjú mọ́ ẹnu mi.

"Àwọn eyín yín dà?"

"Wọ́n ti lọ tipẹ́. Owó ni mo fi ra ìwọ̀nyí."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ta ló ń se oúnjẹ fún yín l'Ékòó?"

Ìyàwó tí èmi fúnra mi fẹ́ kú lọ́dún tó kọjá. Àwọn ọmọ ń pe fóònù, wọ́n ń bi mí bóyá mo jẹun, mo sì ń dáhùn pé mo jẹun. Búrẹ́dì ni. Mo fẹ́ sọ pé búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo bú sẹ́kún lójú nọ́ọ̀sì àti àwọn tí nọ́ọ̀sì ń tọ́jú. Kò sí ẹnì kan láyé yìí mọ́ tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yẹn bí ẹni tó fẹ́ dìde wá sè é fún mi.

Ìyá Rúùtù kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ti ìyókù iṣu sí apá ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹ jẹun tán," ó wí. "Lọ́la ńkọ́? Kí lẹ máa jẹ lọ́la?"

Lọ́la ni mo fẹ́ di ẹrù mi. Mo la ẹnu láti sọ pé mò ń padà sí Èkó, mo sì rí i pé kò tíì jẹ iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu, ó ń dúró dè mí.

"Ẹ̀wà ni mo fẹ́," mo wí.

Ó ní irú ọkọ wo ni mí tí n kò mọ̀ pé ẹ̀wà kì í tètè jinná, ó sì fi iṣu náà sẹ́nu. Ó ní kí n tètè dé láàárọ̀, pé ojú òun kò ríran ṣa ẹ̀wà mọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, tèmi ṣì dára. Mo ní mo gbọ́. Ojú tèmi náà kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ fún un.